Ó Ti Sùn Bí? Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Rosaleen Geraghty Whitcomb, Olùpe Ijó Ìlú Ashbrook (1946–2024)

Ìdílé Whitcomb àti ìdílé Geraghty ń kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ la ẹrẹ̀ oṣù Kẹta kọjá láti wá bá wa sin ìyá wa. A mọ bí ọ̀nà Ashbrook ṣe máa ń rí nígbà tí yìnyín bá ń yọ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá rì lójú ọ̀nà, kó lọ bá Silas, ọmọkùnrin Màmá, ó mú okùn wá. Màmá kì í gba kí èèyàn pẹ́ dé ibi ìpàdé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pẹ́ dé, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹ ti jẹun kí wọ́n tó bá yín jà.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1946 ni wọ́n bí Màmá nínú ilé oko àwọn Colburn, lẹ́yìn odò, ní ìlú Ashbrook, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. Ìyá tó bí wọn ni Thirza, ọmọ Enoch Colburn. Àwọn Colburn ti ń dá oko níbí kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbí, wọn ò sì jẹ́ kí ará ìlú gbàgbé. Bàbá tó bí wọn ni Malachy Geraghty, ọmọ Leitrim ní ilẹ̀ Ireland, tó wá ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ tó wà létí odò nígbà náà. Àpótí aṣọ kan àti gòjé kan ni Bàbá Malachy mú dé. Ìyá Thirza máa ń sọ pé gòjé yẹn lòun kọ́kọ́ fẹ́, pé ọkùnrin náà kàn bá a wá ni.

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe dàgbà láàárín orin méjì. Lọ́dọ̀ bàbá wọn, orin Leitrim ní ilé ìdáná lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́. Lọ́dọ̀ ìyá wọn, ijó kọ́ńtírà ní gbọ̀ngàn àwọn àgbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé: ìlà gígùn méjì, ọkùnrin àti obìnrin dojú kọ ara wọn, tí wọ́n á máa yí, tí wọ́n á máa kọjá lọ bá ẹlòmíràn, títí kálukú á fi bá gbogbo ìlà jó. Bàbá Àgbà Enoch ni olùpe ijó. Àwọn ni wọ́n máa ń dúró sórí pèpéle, tí wọ́n á máa sọ ohun tó kàn fún àwọn oníjó kí orin tó gbé wọn débẹ̀.

Lọ́dún 1955, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn, ó sì di ẹrù Màmá fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ibà dá ẹni tó máa ń ta gòjé dúbúlẹ̀, wọ́n sì ní kí Bàbá Malachy wá gba ipò rẹ̀. Orin tí ìyá wọn máa ń kọ ní Leitrim ni Bàbá Malachy mú wá. Orin náà dùn, ṣùgbọ́n ó ní ibì kan tó ti máa ń dúró, bí ẹni tó fa èémí sínú tí kò tíì tú u jáde, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ àwọn ará Ashbrook kò mọ ìdúró. Wọ́n ti yí, wọ́n ti kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, orin ṣì wà lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí ìlà méjèèjì fi dàrú, tí àwọn èèyàn ń wá alábàájó wọn kiri inú gbọ̀ngàn.

Bàbá Àgbà Enoch gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dá ijó dúró, wọ́n sì sọ ọ́ sínú máìkì létí gbogbo ayé. Wọ́n ní, "Malachy, orin ẹ yìí ń tiro. Gé ibi tó ń dúró yẹn kúrò, kó lè tọ́."

Bàbá Malachy fèsì pé, "Bí ìyá mi ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, sà."

"Ìyá ẹ ò sí níbí."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Malachy fi gòjé wọn sínú àpò, wọ́n dé fìlà, wọ́n jáde. Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri lọ́jọ́ náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n ń jẹ páì. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé àwọn ò jẹ páì ọ̀hún tán.

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá Malachy kò wọ gbọ̀ngàn náà mọ́. Wọn ò sì sọ fún ìyàwó àti ọmọ wọn pé kí wọ́n má lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, Bàbá fúnra wọn ni wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé wọn débẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Wọ́n á páàkì sábẹ́ igi mépù tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á jókòó sínú ọkọ̀ títí ijó á fi tú. Nínú yìnyín, nínú òjò, nínú ooru tí ẹ̀fọn ń jẹ èèyàn. Ìyá Thirza á gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì dúdú lọ bá wọn. Bí àlejò bá béèrè ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, àwọn ará ìlú á ní, "Malachy ni, ó ń dúró de ìyàwó ẹ̀." Ó ti mọ́ wọn lára. Màmá ni kò mọ́ lára rí. Bí wọ́n ṣe ń jó, ojú fèrèsé ni wọ́n ń wò.

Màmá parí ilé ìwé gíga lọ́dún 1964, wọ́n sì lọ sí Boston láti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ọdún kan ni wọ́n lò. Wọ́n ní Boston dára, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè yípo níbẹ̀ láì gbá ẹlòmíràn lójú. Nígbà tí wọ́n padà dé, Bàbá Àgbà Enoch bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ìpejó. Ẹ̀kọ́ náà kò pọ̀: "Sọ ọ́ kí ẹsẹ̀ wọn tó béèrè ẹ̀. Má bú ẹni tó bá ṣìnà, torí ìwọ lo ṣì í sọ́nà. Tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, pa ẹnu ẹ mọ́, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin." Ìkejì nínú ẹ̀kọ́ yìí ni Bàbá Àgbà gbàgbé lọ́dún 1955. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú o. Wọn ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì ni. Wọ́n kú lọ́dún 1971, wọn ò sì fi ẹsẹ̀ kan ìdí ọkọ̀ yẹn títí wọ́n fi lọ.

Lọ́dún 1969, Màmá fẹ́ bàbá wa, Alden Whitcomb, káfíńtà tó máa ń tẹ dùrù fún àwọn oníjó. Gbogbo Ashbrook ló mọ̀ pé ẹni tí èèyàn bá fi ijó àṣekágbá sílẹ̀ dè ni ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń tẹ dùrù kò lè sọ̀ kalẹ̀ wá jó. Nígbà tó yá, Bàbá fi dùrù sílẹ̀ láàárín orin, wọ́n fò sílẹ̀ láti orí pèpéle, wọ́n sì na ọwọ́ sí Màmá. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Oona, Silas àti Tess.

Láti ọdún 1974 títí di 2006, iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni Màmá ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí lónìí ni wọ́n gbé, ẹ sì rántí: "Ẹ jókòó! Ẹ kọjú síwájú! Ẹ fún ẹnìkejì yín láyè!" Ohùn kan náà ni wọ́n fi ń pe ijó, àfi pé lórí pèpéle ó máa ń ní ẹ̀rín díẹ̀ nínú. Ọjọ́ Sunday, wọ́n á bá bàbá wọn lọ sí Máàsì láàárọ̀, wọ́n á sì bá ìyá wọn se ọbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì funfun tó wà lórí òkè nírọ̀lẹ́. Fádà àti pásítọ̀ jọ máa ń du Màmá mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Màmá ní kí àwọn méjèèjì má ṣèyọnu, pé Ọlọ́run mọ ilé àwọn.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1987, ìka Bàbá Malachy ti ń le. Ní àárọ̀ míì, wọn ò lè di bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn. Màmá rí i, ẹ̀rù sì bà wọ́n gidigidi, nítorí wọ́n ti fi í sọ́kàn láti kékeré pé lọ́jọ́ kan bàbá wọn á jáde nínú ọkọ̀ yẹn, wọ́n á sì ta orin ìyá wọn parí nínú gbọ̀ngàn náà. Wọ́n wá rí i pé ọjọ́ ti ń lọ. Wọ́n lọ bá ìgbìmọ̀ ijó, wọ́n ní ijó oṣù Kẹta lọ́dún náà á jẹ́ ijó Ireland.

Inú ìgbìmọ̀ dùn. Àǹtí Lavinia Prouty, tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀, tó sì mọ ijó jó ju ẹnikẹ́ni lọ nílùú yìí, lọ ra fìlà aláwọ̀ ewé, àwọ̀ àwọn ará Ireland, fún gbogbo èèyàn. Màmá ní, "Àǹtí, ṣé orí lẹ fẹ́ kí wọ́n fi jó ni?" Wọ́n wá to àwọn ijó alẹ́ náà bí wọ́n ṣe máa ń tò wọ́n: èyí tó rọrùn ṣáájú, kí àlejò má sá; èyí tó le kí ìsinmi tó dé, nígbà tí ẹsẹ̀ ti gbóná tí orí kò tíì rẹ̀; ijó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti fi kádìí rẹ̀. Wọ́n sọ orin tí wọ́n fẹ́ fún àwọn olórin. Nígbà tó kan orin Bàbá Malachy, Àǹtí Lavinia ní, "Rosaleen, bẹ bàbá ẹ kó gé ibẹ̀ yẹn kúrò. Àwọn èèyàn wa ò lè dúró lójú kan, o mọ̀ wọ́n."

Màmá ní àwọn ò ní gé nǹkan kan. Ijó ni àwọn máa tún ṣe. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi hun ijó tuntun sí orin yẹn nílé ìdáná wa. Àwa ọmọ ni wọ́n fi dánrawò, pẹ̀lú àwọn àga, Tess sì ń bá ìgbálẹ̀ jó. Gbogbo ibi yòókù, kí èèyàn máa yí, kó máa kọjá. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ibi tí orin ti ń dúró, kí àwọn méjì di ọwọ́ ara wọn mú, kí wọ́n sì dúró jẹ́ẹ́.

Wọ́n wá lọ sọ fún Bàbá Malachy. Nílé ìdáná náà ni, Bàbá ń bó ànàmọ́.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ta gòjé fún wa ní Sátidé ijó Ireland."

"Nínú ilé yẹn? Wọ́n ní orin mi ń tiro."

"Tó bá ń tiro, àwa náà á bá a tiro."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé àwọn ń bọ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1987, gbọ̀ngàn kún. Ọkọ̀ Bàbá Malachy wà lábẹ́ igi mépù, Bàbá Malachy sì wà nínú rẹ̀. Ijó kìíní lọ, ìkejì lọ, fìlà aláwọ̀ ewé ti ń já bọ́ káàkiri, Bàbá kò wọlé. Nígbà tó ku ijó kan kí ìsinmi dé, Màmá fi máìkì sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin gbọ̀ngàn wa mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi bàtà ìta tẹ ilẹ̀ pákó yẹn, tàbí kó wọ bàtà ijó jáde. Màmá ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà nítorí ẹ̀. Bàtà ijó ẹsẹ̀ wọn gan-an ni wọ́n wọ̀ sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó mù wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n kan gíláàsì ọkọ̀.

"Bàbá, ó ti tó àkókò."

Bàbá Malachy wo ilẹ̀. "Wo bàtà ẹ, Rosaleen!"

"Ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀, òtútù ń mú mi."

Bàbá bọ́ọ́lẹ̀. Màmá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n wọ̀ padà sórí pèpéle. Àwọn oníjó yà fún Bàbá Malachy, wọ́n sì kọjá láàárín ìlà méjèèjì.

Màmá kọ́kọ́ mú àwọn oníjó rìn ín láìsí orin, ó sì lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí gòjé dún, tí orin dé ibi ìdúró, ara Àǹtí Lavinia kò gbà á. Ẹni tó bá mọ kọ́ńtírà jó kì í rí àyè lásán kó má fi ìyípo kún un. Ó yí alábàájó rẹ̀ léẹ̀kan sí i, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí i, àwọn náà yí tiwọn. Kó tó ṣẹ́jú, èjìká ń gbá èjìká, ẹnì kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìlà méjèèjì sì ti dàrú bíi ti ọdún 1955. Gòjé dákẹ́. Bàbá Malachy tẹ̀ síwájú láti mú àpò gòjé wọn.

Màmá di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n sọ sínú máìkì pé, "Ẹ má bínú o, ẹ̀bi mi ni. Mo ní kí ẹ dúró, mi ò sọ ìdí ẹ̀ fún yín. Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n." Wọ́n wá kọjú sí bàbá wọn. "Bàbá, kí ni Ìyá máa ń ṣe tí wọ́n bá kọ orin débẹ̀ yẹn?"

Bàbá Malachy wo gbogbo ojú tó ń wò wọ́n. Wọ́n ní, "A ò ní gòjé nígbà yẹn. Ẹnu ni Ìyá fi ń kọ ọ́, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ ti ibùsùn àbúrò mi síwá sẹ́yìn. Ara ọmọ náà kò le. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀ yẹn, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tẹ̀ síwájú, wọ́n á wò ó bóyá ó ti sùn. Tí kò bá tíì sùn, wọ́n á máa kọ ọ́ lọ."

Àǹtí Lavinia ló kọ́kọ́ béèrè. "Bàbá Malachy, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ látọjọ́ yìí?"

"Ta ló bi mí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Àǹtí Lavinia sunkún, kò sì fi pa mọ́ títí dòní. Màmá ní kí wọ́n tún ìlà tò. Gòjé bẹ̀rẹ̀, Màmá pe ijó náà pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Nígbà tí orin dé ibi ìdúró, gbogbo ènìyàn di ọwọ́ mú, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, wọ́n wo ojú ara wọn. Ẹsẹ̀ kan kò dún. Lẹ́yìn náà ni orin gbé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, Màmá pa ẹnu mọ́, wọ́n jókòó sí ẹsẹ̀ bàbá wọn lórí pèpéle pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ orin. Bàbá Malachy ta á títí ìka wọn fi kọ̀. Nígbà tó di ijó àṣekágbá, wọ́n gbé gòjé fún ẹlòmíràn, wọ́n na ọwọ́ sí Ìyá Thirza, wọ́n sì jọ jó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1955 nínú gbọ̀ngàn tí Bàbá ti ń dúró de Ìyá níta rẹ̀ látọdúnmọ́dún.

Bàbá Malachy kú ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò ṣẹlẹ̀ ṣáájú oṣù Kẹta. Màmá sọ ijó náà ní "Ó Ti Sùn Bí?", a sì ń jó o lóṣù Kẹta lọ́dọọdún láti ìgbà náà. Ó ti dé àwọn gbọ̀ngàn tí a ò mọ̀. Màmá fi ìyókù ọjọ́ wọn kọ́ àwọn ọmọdé ní ijó, wọ́n se ẹ̀wà tà, tí a fi owó rẹ̀ tún òrùlé gbọ̀ngàn ṣe, wọ́n sì kọ́ àwọn olùpe ijó tó wà káàkiri àgbègbè yìí lónìí. Ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi olórin tuntun tí orin rẹ̀ kò bá bá ẹsẹ̀ mu: "Ta ló kọ́ ẹ?"

Ìyá Thirza fi ayé sílẹ̀ lọ́dún 1994, Bàbá wa Alden lọ́dún 2015. Ní ìgbà òtútù tó kọjá yìí ni àárẹ̀ mú Màmá. Wọn ò jẹ̀rora púpọ̀, a dúpẹ́. Ní ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 2024, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, oòrùn wà lójú fèrèsé, yìnyín ń kán sílẹ̀ láti orí òrùlé. Màmá fi ojú tọ́ka sí gòjé bàbá wọn. Silas mú un, ó ń ta orin náà. Ó dé ibi ìdúró, ó dúró. A tẹ̀ síwájú, a wò wọ́n. Wọ́n la ojú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí wa. Silas tún ń ta á lọ. Nígbà tó padà débẹ̀, a tún tẹ̀ síwájú.

Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ ni àwa ọmọ, Oona, Silas àti Tess; àwọn ọkọ àti ìyàwó wa; àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Declan, Mercy, Alden kékeré àti Thirza; ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, Nuala, tí yóò máa ké nígbà ìsìn, ẹ jẹ́ kó ké; Àǹtí Lavinia Prouty, ọ̀rẹ́ wọn, tó ti di ẹni àádọ́rùn-ún ọdún tó ṣì ń jó; àti gbogbo ẹni tó gun bọ́ọ̀sì wọn rí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ gbé oúnjẹ wá, ẹ kó yìnyín lójú ọ̀nà wa, ẹ sì jókòó tì wá nígbà tí a ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ dá nìkan wà lọ́jọ́ tiyín.

Òní gan-an ni ọjọ́ ìbí Màmá, ó sì bọ́ sí Sátidé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ bá wa ká lọ sí gbọ̀ngàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò ní dúró nídìí máìkì, ẹ ti mọ ijó náà. Nígbà tí orin bá dé ibi tó ti ń dúró, ẹ má yípo, Àǹtí Lavinia, ẹ̀yin là ń bá wí. Ẹ di ọwọ́ ẹni tó wà níwájú yín mú, ẹ tẹ̀ síwájú, kí gbogbo wa jọ wò ó.

Ó ti sùn.

Ẹ sùn re, Màmá. Ilẹ̀ Ashbrook á tẹ́ yín lára. Ẹ bá wa kí Bàbá Malachy, kí ẹ sì sọ fún wọn pé inú ilé la wà.